Ẹlẹ́rìí Kan Ṣoṣo

Ọ̀sẹ̀ tí Zalmen kọ́kọ́ fojú kan Hinde, ìgbéyàwó mẹ́fà ló wáyé nínú àgọ́ náà, aṣọ ìyàwó kan ṣoṣo sì ni àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọ̀. Bí ti òní bá ti bọ́ ọ, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gán ìbàdí rẹ̀ fún ti ọ̀la. Kò sí ìyá tí yóò sunkún ayọ̀, kò sí bàbá tí yóò wádìí ìdílé àna. Ọdún 1946 ni, ní Jámánì, nínú ilé àwọn sójà tí ogun ti lé jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn Júù tí ikú gbàgbé sí, kí wọ́n máa retí ìwé tí yóò gbé wọn kọjá òkun. Ẹni tó ń retí ìwé ráyè púpọ̀, wọ́n sì ń fẹ́ra wọn bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.

Zalmen ò sí nínú wọn. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, káfíńtà ọmọ káfíńtà, láti ìlú kékeré kan ní Pólàǹdì tí ẹnikẹ́ni ò ṣẹ́kù sí nínú àwọn èèyàn rẹ̀. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ti kú pẹ̀lú wọn, pé ọwọ́ òun nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí wọ́n fi rán an lọ sí yàrá kẹtàdínlógún pé kó lọ tún ilẹ̀kùn ṣe.

Ìyá àgbàlagbà kan tó fi ìborùn dúdú wé orí ló ṣílẹ̀kùn fún un. Pesye ni orúkọ rẹ̀. Ó wo Zalmen láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ ni káfíńtà náà?"

"Èmi ni, Màmá."

"O mà rù o. Ṣé o lè gbé òòlù sókè báyìí?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi pín yàrá náà sí méjì. "Màmá, ẹ jẹ́ kó wọlé ná kí ẹ tó máa bú u."

Bùláńkẹ́ẹ̀tì náà ṣí, Hinde sì jáde. Kì í ṣe irú obìnrin tí wọ́n ń yíjú wò lójú ọ̀nà. Ó tínínrín, eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wú nítorí omi tútù ilé ìdáná àgọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ jáde láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì ti pẹ́ gan-an tí Zalmen ti gbọ́ irú rẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Kàn án dáadáa," Pesye sọ. "Afẹ́fẹ́ ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, Leyzer ọmọ mi ò sì fẹ́ràn òtútù."

"Níbo ni wọ́n wà báyìí?" Zalmen béèrè.

"Ó ń bọ̀."

Hinde sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Ọkọ mi ni. Ọdún karùn-ún rèé tí wọ́n ti ń bọ̀."

Zalmen kan ilẹ̀kùn náà. Ó sì dá ìṣó méjì sí, láìkàn wọ́n wọlé tán, kí ìdí lè wà tí òun á fi padà wá.

"Ilẹ̀kùn wo ló ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóṣù kan?" Fayvl bi í.

Fayvl lọ̀rẹ́ rẹ̀, ibùsùn wọn sì kọjú síra. Iṣẹ́ alárinà ìgbéyàwó ni Fayvl ń ṣe kí ogun tó dé, òun ló sì wá ọkọ fún bí ìdajì àwọn obìnrin àgọ́ náà. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ àfi tó bá sùn, nígbà míì pàápàá kì í dákẹ́ lójú oorun.

"Ó lọ́kọ," Zalmen dá a lóhùn.

"Ó lọ́kọ lẹ́nu! Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni wọ́n jọ gbé, lọ́dún 1941, kí àwọn Jámánì tó wá kó gbogbo ọkùnrin Zaromb, ìlú wọn, lọ. Ta ló padà nínú wọn? Jẹ́ kí n lọ bá ìyá yẹn sọ̀rọ̀. Mo mọ bí wọ́n ti ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀."

Ó lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Kò pẹ́ tó fi padà dé, gbogbo iwájú ẹ̀wù rẹ̀ ti rin.

"Kí ni wọ́n sọ?" Zalmen béèrè.

"Wọn ò sọ púpọ̀. Tíì náà ti ń tutù díẹ̀, mo dúpẹ́. Wọ́n ní ta ló rán mi wá tọrọ ìyàwó oníyàwó. Wọ́n ní tí ọmọ àwọn bá dé, àwọn á fi ojú mi hàn án."

"Hinde ńkọ́?"

Fayvl bọ́ ẹ̀wù náà, ó sá a. "Hinde ò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n òun ló bá mi nu àyà, ó sì rọra bi mí bóyá o ti jẹun."

Inú Zalmen dùn débi pé ẹ̀rù bà á.

Láti ọjọ́ náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí Hinde ti ń bẹ ọ̀dùnkún. Zalmen á jókòó lórí àpótí, á mú ọ̀bẹ, á máa bá a bẹ ẹ́. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ, ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ jáde. Ó ní òun fẹ́ fi í ṣe aya.

Hinde ò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Ìyá tó bí ìyá mi, Rokhl ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọkọ wọn bá ogun ọba Rọ́ṣíà lọ nígbà tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹsẹ̀ rìn. Kò sẹ́ni tó rí òkú ẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i láàyè. Ọkùnrin mẹ́ta ló wá fẹ́ ìyá yẹn, àwọn rábì ò sì lè so wọ́n pọ̀, torí kò sẹ́lẹ́rìí. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n fi ń gbé abọ́ ọkọ wọn sórí tábìlì. Ọjọ́ tí wọ́n wá kó wọn lọ, abọ́ náà wà lórí tábìlì, Zalmen. Mo fojú mi rí i."

"Ọ́fíìsì ìjọba ń so èèyàn pọ̀. Wọn kì í béèrè ẹlẹ́rìí níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Àwọn ọmọ tí mo bá bí fún ọ ńkọ́? Níwọ̀n ìgbà tí kò sẹ́ni tó lè sọ pé Leyzer ti kú, ọmọ àlè ni wọ́n á máa pè wọ́n. Kò sí Júù tó máa fẹ́ wọn. Kò sẹ́ni tó máa fẹ́ àwọn ọmọ wọn, títí dé ìran kẹwàá. Wọ́n ti pa wá tó. Mi ò ní fi inú ara mi bí àwọn tí ẹnikẹ́ni ò ní lè fẹ́."

Zalmen mú ọ̀dùnkún míì, ó ń bẹ ẹ́.

"Tí ẹnì kan bá dìde," Hinde sọ, "ẹnì kan péré, tó ní òun rí òkú ẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni n óò fẹ́ ọ. Mo fẹ́ràn rẹ. Mi ò fẹ́ kí o lọ máa rò pé ìyẹn ló ṣòro."

Nígbà tí oṣù Kẹwàá wọlé, Pesye fúnra rẹ̀ ló pe Zalmen wá jẹun ọjọ́ Ìsinmi. Zalmen ti kan pẹpẹ kan fún un láìjẹ́ pé ó béèrè, obìnrin náà sì ti rò ó títí.

"Kì í ṣe pé mo gbà fún ọ o," ó sọ bí Zalmen ti ń wọlé. "Mi ò kàn fẹ́ kí ebi pa ọ́ kú sẹ́nu ọ̀nà mi. Jókòó."

Ẹja ni wọ́n jẹ, pẹ̀lú ọ̀dùnkún àti búrẹ́dì. Jáàmù kékeré kan wà tí àwọn Amẹ́ríkà pín. Pesye fi ìka tọ́ ọ wò, ó yínmú.

"Èyí ń pe ara ẹ̀ ní jáàmù! Èmi, tí mo bá sè é, máa ń fọ́ kóró èso yẹn, màá yọ inú ẹ̀, màá dà á padà sí i. Kò sẹ́lòmíì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Zaromb. Leyzer lè jẹ abọ́ kan tán lórí ìdúró. Á gbé e dání báyìí, pẹ̀lú ìka ẹ̀ tó wọ́ yẹn."

"Ìka wo?" Zalmen béèrè.

"Ìka kékeré ọwọ́ òsì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún òróró ló tẹ̀ ẹ́, kò sì tọ́ mọ́. Á máa jẹun, á sì máa súfèé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo lù ú títí, kò fi sílẹ̀."

"Ó súfèé níbi ìgbéyàwó wa," Hinde sọ. "Lábẹ́ ìbòrí tí wọ́n ti ń so ọkọ àti ìyàwó pọ̀, rábì ń súre lọ́wọ́. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Mo bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ìlú sì ń wò mí bí wèrè."

Ṣíbí Zalmen dúró lójú ọ̀nà ẹnu. Ó rọra gbé ṣíbí náà kalẹ̀, ó ní inú ń run òun, ó sì jáde.

Nítorí ó mọ ọkùnrin náà. Kò mọ orúkọ rẹ̀ rí, torí nínú àgọ́ tí àwọn Jámánì ti ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ bí ẹrú, èèyàn kì í béèrè orúkọ ẹni tó lè kú lọ́la. Onísúfèé ni gbogbo wọn ń pè é. Oṣù márùn-ún ni wọ́n jọ fọ́ òkúta, tí wọ́n jọ sùn lórí pákó kan. Lójoojúmọ́ ni Onísúfèé ń sọ̀rọ̀ jáàmù tí wọ́n fọ́ kóró sí, lójoojúmọ́ ló ń sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòrí. Zalmen máa ń ní kó dákẹ́, pé ó ń dá kún ebi òun. Nínú oṣù Kejì ọdún 1944, ibà gbé àwọn méjèèjì ṣánlẹ̀, wọ́n kó wọn sí ilé àwọn aláìsàn, ní ìdájí ọjọ́ kan Zalmen sì jí, ó bá a pé ọ̀rẹ́ òun ti tutù gbagidi. Ó pa á lójú dé. Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣe ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí di òní. Ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bo òkú náà dé ọrùn, nígbà tí ẹni tó ń pín búrẹ́dì sì dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ní ọ̀rẹ́ òun ń sùn ni, kó fi tirẹ̀ lélẹ̀. Ó jẹ ẹ́. Ó dùbúlẹ̀ ti òkú náà títí di ọjọ́ kejì kó tó gbé e lọ sínú kòtò.

Ẹlẹ́rìí tí Hinde ń wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àpótí, ó ń bẹ ọ̀dùnkún. Inú Zalmen dùn, ojú sì tì í fún ìdùnnú náà, ó sì gba ọ̀dọ̀ rábì lọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Rábì Orlian ni olórí àwọn rábì mẹ́ta tó ń dá ẹjọ́ irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ nínú àgọ́. Ọmọ méje ló ti ní, kò sì ṣẹ́ku ẹyọ kan lẹ́yìn ogun.

"Rábì, ọ̀rẹ́ mi kan ló ní ọ̀rọ̀," Zalmen bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ ẹ yẹn, ṣé káfíńtà ni?"

Zalmen gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lára ẹ̀wù rẹ̀.

"Ó dáa, sọ ọ́."

"Ó rí òkú ọkùnrin kan. Ó sì fẹ́ràn ìyàwó ọkùnrin náà. Tó bá wá jẹ́rìí, ṣé ẹ máa dá obìnrin náà sílẹ̀?"

"A máa dá a sílẹ̀. Ẹlẹ́rìí kan ti tó. Àánú obìnrin ṣe àwọn àgbà wa, wọn ò sọ pé ó di dandan kó jẹ́ méjì."

"Ṣé ọ̀rẹ́ mi á lè wá fẹ́ ẹ?"

Rábì pa ìwé iwájú rẹ̀ dé. "Rárá o. Ẹni tó bá jẹ́ pé ẹnu tirẹ̀ nìkan la fi sọ obìnrin di opó, kò gbọ́dọ̀ fẹ́ obìnrin náà. Àwọn èèyàn á ní torí kó lè rí i fẹ́ ló ṣe fi ẹnu pa ọkọ ẹ̀. Gbogbo ọkùnrin ló lè fẹ́ ẹ, àfi òun."

"Ṣùgbọ́n òótọ́ ló ń sọ!"

"Mo gbà pé òótọ́ ni. Ẹni tó ń parọ́ náà á wí bẹ́ẹ̀, òfin ò sì lè dá wọn mọ̀."

"Tí ẹlòmíì bá jẹ́rìí pẹ̀lú ẹ̀ ńkọ́?"

"Tí wọ́n bá pé méjì, kó fẹ́ ẹ, èmi fúnra mi ni n óò so wọ́n pọ̀." Rábì wò ó tàánútàánú. "Wá ẹnì kejì, Zalmen. Sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ kó tètè wá a."

Zalmen wá a. Oṣù mẹ́rin ló fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti àgọ́ dé àgọ́, tó ń ka orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ, tó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ọkùnrin pé ta ló fọ́ òkúta níbẹ̀ nígbà òtútù ọdún 1944. Ìròyìn ẹnì kan ṣoṣo ló rí gbọ́. Onítọ̀hún rí òmìnira, ó jẹun yó, ó sì kú ní ọjọ́ karùn-ún. Ní gbogbo àkókò yìí, ó ń padà lọ bẹ ọ̀dùnkún pẹ̀lú Hinde, Hinde ń bi í ibi tó ń lọ, ó ní pákó lòun ń wá rà. Irọ́ náà ń dùn ún ju ebi lọ. Ó ń bi ara rẹ̀ pé ìfẹ́ wo lèyí, tí òun mọ ohun tó lè tú obìnrin sílẹ̀, tí òun ń jẹ ẹ́ mọ́nu. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, Hinde á yíjú sí i, á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà á sì padà sínú.

Ìgbà tó sú u, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Fayvl, àfi ti búrẹ́dì. Fayvl ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí ló le níbẹ̀? Èmi ni n óò ṣe ẹnì kejì. Ọkùnrin náà ti kú, àbí kò kú? Irọ́ kọ́ ni mo pa nígbà náà. Mo kàn yá ojú rẹ lò."

"Wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò."

"Ẹnu ta lo ń sọ yẹn? Ẹnu mi yìí? Kọ́ mi ní ìka tó wọ́, kọ́ mi ní ọjọ́ tó kú, kí o lọ wá aṣọ tí o máa wọ̀."

Kí Ọlọ́run dárí jì í, Zalmen kọ́ ọ. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ní ọjọ́ kẹta, Fayvl tọ Rábì Orlian lọ, Zalmen sì dúró síta nínú yìnyín. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí Fayvl fi jáde, ojú rẹ̀ rin gbindin.

"Mi ò lè ṣe é," ó sọ. "Wọn ò bú mi, wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n kàn fa àga fún mi, wọ́n ní, 'Fayvl, o ṣé tí o wá jẹ́rìí fún ẹni tó kú.' Zalmen, ọmọ méje! Wọ́n ń wò mí bí ẹni pé mo lè mú ìròyìn tiwọn náà wá. Bú mi bí o bá fẹ́."

Zalmen ò bú u. Ara rẹ̀ tilẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀ pé irọ́ náà ò wáyé, ó sì mọ̀ pé ó ku òun nìkan.

Oṣù Kẹta ọdún 1947 ni orúkọ Zalmen jáde fún ọkọ̀ ojú omi. Ó mú ìwé náà dání lọ sí yàrá kẹtàdínlógún. Pesye wà lórí ibùsùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò lè rìn jìnnà mọ́. Hinde ń tẹ́ tábìlì.

"Orúkọ mi jáde," Zalmen sọ.

"Mo gbọ́. Mo ti rò ó." Hinde ò wò ó lójú. "Máa lọ. Màmá ò lè wọkọ̀ báyìí, mi ò sì ní fi wọ́n sílẹ̀. Fẹ́ ẹlòmíì níbi tí o bá dé, kí o bímọ. Má dúró tì mí, mi ò fẹ́ bínú sí ọ lẹ́yìn ọ̀la."

Abọ́ mẹ́ta ló wà lórí tábìlì. Zalmen kọ́kọ́ rò pé tòun ni ìkẹta, ó sì fẹ́ fa àga.

"Má jókòó síbẹ̀," Hinde sọ. "Ibi tí Leyzer máa jókòó nìyẹn."

Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀, àfi bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń rọ̀. Pesye mi orí lórí ibùsùn, ó dùn mọ́ ọn nínú. Zalmen wo obìnrin ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ń nu abọ́ fún òkú tí òun fọwọ́ ara òun gbé sí kòtò. Ó rí i bí yóò ti máa nù ún nígbà tó bá di ẹni ọgọ́ta ọdún. Ara rẹ̀ sú u, ó kórìíra gbogbo oṣù tó ti fi dákẹ́.

Kò gba ọ̀dọ̀ Fayvl kọjá kó má bàa yí ọkàn padà. Ọ̀dọ̀ rábì ló gbà lọ tààrà. Wọ́n pe àwọn rábì méjì yòókù, wọ́n ní kó sọ ohun tó rí. Ó sọ ti ìka, ó sọ ti jáàmù, ó sọ ọjọ́ tó jí tó bá a.

"Ṣé o mọ̀ dájú pé ó kú?" Rábì Orlian béèrè. "Ibà ń mú èèyàn dákú. Ẹni tó bá tutù lówùúrọ̀ lè jí lọ́sàn-án."

"Ó dá mi lójú."

"Báwo ló ṣe dá ọ lójú?"

Zalmen wo ilẹ̀. "Mo sùn tì í títí di ọjọ́ kejì. Mi ò sọ fún wọn pé ó kú, torí kí n lè máa gba búrẹ́dì ẹ̀. Mo jẹ ẹ́. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n pín in, lẹ́ẹ̀mejì ni mo jẹ ẹ́, òun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò mira. Bó ṣe dá mi lójú nìyẹn."

Rábì Orlian fa ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

"Ṣé o mọ ohun tí o ṣe fún ara ẹ?"

"Mo mọ̀, Rábì. Ẹ má dárúkọ mi fún un. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Hinde sáré wọ ibi iṣẹ́ káfíńtà láìwọ kóòtù. Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì í pé òun ń rẹ́rìn-ín.

"Zalmen! Wọ́n ti rí ẹlẹ́rìí! Ó ti kú, Leyzer mi ti kú, ó ti pé ọdún mẹ́ta... Màmá ti jókòó sílẹ̀, wọ́n ti fa ọrùn aṣọ wọn ya. Wọ́n ní torí pé ìròyìn náà ti pẹ́, wákàtí kan péré la máa fi ṣọ̀fọ̀ ẹ̀. Wákàtí kan fún ọmọ! Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, mo ń sunkún ẹ̀, ó dùn mí dé eegun, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ló gbé mi wá síbí. Ta ni ẹlẹ́rìí náà? Rábì ò sọ. Ó ní onítọ̀hún á wá bá mi." Ó mí kanlẹ̀. "Kí ló dé tí o ò dìde?"

Zalmen ò lè dìde. "Èmi ni, Hinde. Onísúfèé là ń pè é. Èmi ni mo gbé e sin."

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé Hinde. Ó kọ́kọ́ ya ẹnu láti sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ó dára tó jẹ́ Zalmen ni. Nígbà náà ló rántí òfin tí gbogbo obìnrin irú rẹ̀ nínú àgọ́ mọ̀ sórí, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Ó di etí tábìlì iṣẹ́ mú.

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan. Mo wá ẹnì kejì títí. Kò sí."

"O lè dákẹ́."

"Mo dákẹ́ fún oṣù márùn-ún. Mo wá rí ọ tí ò ń nu abọ́ yẹn."

Hinde gbá a létí. Lẹ́yìn náà ló gbé orí lé e láyà, ó sunkún débi tí pákó tó wà lẹ́yìn wọn ń mì. Zalmen ò gbé ọwọ́ lé e. Opó ni Hinde ní wákàtí yẹn, gbogbo ọkùnrin ayé ló sì lè gbé ọwọ́ lé e àfi òun.

"Wá sọ fún Màmá," ni Hinde sọ nígbà tó tán. "Wákàtí wọn ò tíì pé."

Pesye wà nílẹ̀, láìwọ bàtà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Zalmen jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, ó sọ ti búrẹ́dì pẹ̀lú. Kò fi nǹkan kan pa mọ́, ó sì ń retí kí obìnrin náà tutọ́ sí i lójú.

Pesye gbójú sókè. "Búrẹ́dì yẹn, ṣé ó tóbi?"

"Kò tóbi, Màmá. Bí àtẹ́lẹwọ́."

"Ṣé ó ràn ọ́ lọ́wọ́?"

"Ǹ bá ti kú láìsí i."

Ìyá náà na ọwọ́, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fi kan iwájú orí rẹ̀, bí ẹni ń yẹ ọmọ wò bóyá ibà ti lọ. "Mo bú ọ lọ́jọ́ tí o wá kan ilẹ̀kùn," ó sọ. "Mo ní o rù. Mi ò mọ̀ pé oúnjẹ ọmọ mi ló wà lára ẹ."

Ó yí orí sí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ọmọ rẹ̀, ẹkún tó ti ń dá dúró láti ọdún mẹ́fà. Zalmen dìde. Hinde ti dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ ti gbẹ.

"Ṣé ó máa ń mẹ́nu kàn mí?" ó béèrè.

"Lójoojúmọ́. Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni, mo sì ti mọ̀ ọ́ ṣáájú kí n tó rí ọ."

Hinde gbọ́ ọ, ó mi orí. Ó ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì dúró sí apá kan kí aṣọ wọn má bàa kanra.

"Máa lọ, Zalmen," ó sọ. "Lọ wọ ọkọ̀ rẹ. Tí o bá fi lè dúró díẹ̀ sí i, mi ò ní jẹ́ kí o lọ mọ́, a ó sì di ẹni tí àwọn èèyàn wa ta nù, ohun tí a ò fẹ́ kí àwọn ọmọ wa dà."

Zalmen dé fìlà rẹ̀, ó sì lọ.